Ta Ló Kẹ́yìn?

Ní Lugo, a kì í tò bí ọmọ iléèwé.
Bí o bá dé ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì Ìyá Ermitas,
o ó gbọn òjò ara rẹ dànù lẹ́nu ọ̀nà,
o ó ti agboòrùn bọ inú korobá,
o ó wá bi gbogbo ilé léèrè:
"Ta ló kẹ́yìn?"
Ẹnìkan á na ìka sókè.
Ó tán. O ti mọ ẹni tí o tẹ̀ lé.
O lè fara ti ògiri,
o lè máa ka orúkọ àwọn tó kú lọ́sẹ̀ yìí lára ilẹ̀kùn,
ipò rẹ ò ní sá lọ.
Inú orí wa ni ìlà náà wà, kò sí nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Sátidé yẹn, òjò ń rọ̀ bí ẹni tó jẹ wá ní gbèsè.
Mo bèèrè. Obdulia tó ń ta òwú lódìkejì títì nawọ́.
Níwájú rẹ̀, Ramiro onítakisí;
níwájú Ramiro, tọkọtaya kan tí n kò rí rí.
Mo kà wọ́n bí ẹni ń ka ṣéńjì.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí, Baldomero wọlé,
ẹ̀wù òjò ń kán tótó, fóònù ń bẹ létí.
Kò bèèrè nǹkan kan.
Ó la àárín wa kọjá bí ẹni ń gba oko ara rẹ̀,
ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé káńtà:
"Búrẹ́dì ẹyọ kan péré ni. Mo ń kánjú."

Kánjú!
Àwa yòókù, ṣé a wá ta gbòǹgbò síbẹ̀ ni?
Obdulia wúkọ́. Ikọ́ náà ò ní àìsàn nínú.
Ramiro ń wo òrùlé.
Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í se ọ̀rọ̀ lẹ́nu:
"Ọ̀gá, ẹni tó kọ́kọ́ dé odò ló ń pọn omi tó tòrò..."
Rárá, ìyẹn ti rọ̀ jù.
"Ọ̀gá, ṣé kò sí ẹ̀yìn nílé tiyín ni?"
Ìyẹn dáa, ó ta díẹ̀. Mo tọ́ ọ wò, mo bu iyọ̀ sí i.
Mo ń wá ibi tí mo máa fi ẹ̀rín há sí
kó má baà dìjà,
torí Baldomero ló ń bá mi tún ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ṣe,
òtútù sì ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí gbólóhùn mi tó jinná,
ó ti sanwó, ó ti fi búrẹ́dì há abíyá,
ó ní ó dàbọ̀ o, gbogbo ilé.
Ilẹ̀kùn pa dé. Ẹnu wa wá ṣí.
Ẹ wo bí a ṣe láyà sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó!
"Bí bàbá rẹ̀ ṣe rí náà nìyẹn."
"Ó ṣe é ní ọ́síbítù lọ́jọ́sí."
Èmi náà sọ gbólóhùn mi, tiyọ̀tiyọ̀,
fún ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ó kan tọkọtaya. Ó kan Ramiro. Ó kan Obdulia.
Ó kàn mí. Mo nawọ́ owó,
Ìyá Ermitas ò gbà á,
ìsàlẹ̀ ló ń wò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi:
"Iria, ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo ti dé?"

Ọmọ ọdún mẹ́fà, bóyá. Orí rẹ̀ ò tó káńtà.
Bàtà òjò aláwọ̀ ewé, owó ẹyọ kan
tó dì mọ́wọ́ títí owó fi làágùn.
"Kí ẹni takisí tó dé," ló wí.
"Mo bèèrè ta ló kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó dáhùn."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà
kórí ọmọ tuntun wọ́.
Obdulia, tó ti ń fa agboòrùn rẹ̀ yọ,
rọra tì í padà sínú korobá.

Mo yẹ̀ fún un. Ó ra búrẹ́dì dúdú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o,
ó ka ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì,
ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bínú, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni:
"Ṣé ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn?"

Mo na ìka mi sókè.